TyBot, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń di irin lórí afárá: ta ló ti bá a ṣiṣẹ́ rí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ iron bender kí n tó wá sí Pennsylvania, òun náà ni mo ṣì ń jẹ níbí. Ẹni tó bá ti di irin dẹ́kìn rí á mọ̀ ọ́n: pínsà lọ́wọ́, wáyà ní ìbàdí, ìdọ̀bálẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ti afárá tún wá le jù ú lọ.

Nígbà tí fóòmánù ní TyBot ń bọ̀, mo ní ó parí nìyẹn, wọ́n fẹ́ lé wa. Advanced Construction Robotics ló ṣe é, nítòsí Pittsburgh níbí. Stephen Muck àti Jeremy Searock ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2016. Kọngílá afárá sì ni Muck fúnra rẹ̀, kì í ṣe ará ọ́fíìsì tí kò mọ sáìtì.

Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe é. Ó gùn dá afárá kọjá láti etí kan dé èkejì, ó ń yí lọ lórí réèlì. Kámẹ́rà rẹ̀ ló ń wá ibi tí irin méjì ti kọ lu ara wọn. Apá kan á sọ̀kalẹ̀, fìrí, ó ti lọ́ wáyà mọ́ ọn, ó ti kan òmíràn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́kọ́ ya àwòrán afárá sínú rẹ̀ o! Wọ́n ní ó ń dì ju 1,100 lọ ní wákàtí kan. Ẹnì kan péré ló ń ṣọ́ ọ.

Kò bá wa tẹ́ irin, ṣá. Àwa la tẹ́ gbogbo rẹ̀, àwa náà la kọ́kọ́ dì í káàkiri kó má baà ṣí. Ẹ̀yìn mi sinmi, mi ò ní purọ́. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni mò ń rò. Irin dídì la fi ń mú wọn wọṣẹ́. Kí ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ báyìí?

*Birikilà, Texas:*
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ MULE ni tiwa, ti Construction Robotics ní ìpínlẹ̀ New York. Kò mọ búlọ́ọ̀kù tò rárá, gbígbé ló ń bá ni gbé e. Èyí tó yẹ kí ẹni méjì fi agbára gbé, ọwọ́ lẹ ó kàn fi darí rẹ̀ sórí ògiri. Rọ́bọ́ọ̀tì SAM tí wọ́n tún ṣe ń to bíríkì ní tiẹ̀, àmọ́ birikilà ṣì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti nu sìmẹ́ǹtì tó bá yọ. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tí èjìká ń dà láàmú. MULE dé, ó ní òun ò fẹ̀yìn tì mọ́.

*Láti Ìbàdàn:*
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ máa jayé. Èló ni wọ́n ń ta TyBot yìí? Ọ̀gá wa ò tíì ra ẹ̀rọ tó ń gé irin.

*Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́:*
Àbúrò, wọn ò ra tiwa, wọ́n yá a ni. Afárá yẹn parí, wọ́n gbé e lọ. Pínsà la tún fi di èyí tó tẹ̀ lé e.