Ṣé iṣẹ́ oníròyìn kọ́ ni láti padà lọ wo ohun tí ìjọba ní àwọn ti ṣe?

Àdùkẹ́_Ìbàràpá:
Ẹ kú ilé o gbogbo èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí ọjọ́ ti pẹ́. Àràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ rédíò, wọ́n á ka kókó inú ìwé ìròyìn fún wa, gómìnà ṣí títì, sẹ́nétọ̀ pín ẹ̀rọ ìránṣọ, lágbájá fi ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀ ó lọ sí òmíràn, ó parí. Lábúlé tiwa, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan, àwọn oníròyìn wá, wọ́n ya fọ́tò, àwa náà jó. Lónìí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń wá, kò sómi, àbúrò ìyá mi rọbí lóru, orí ọ̀kadà la gbé e lé lọ sílùú míì. Látọjọ́ tí wọ́n ti gé ríbọ́ọ̀nù, oníròyìn kan ò padà wá wo ibẹ̀. Ẹ bá mi dá a lóhùn: ta ló yẹ kó máa wò ó bóyá ìjọba tiwantiwa tá a ti ń ṣe láti 1999 ń ṣe mẹ̀kúnnù láǹfààní? Ṣé oníròyìn ni, àbí mò ń di ẹrù tó ju tiwọn lọ lé wọn lórí?

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú:
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹrù wọn ni. Abala 22 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 sọ ọ́ kedere pé kí ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n rí i pé ìjọba ń jíhìn fáráàlú. Orí kejì ìwé òfin náà ni ó wà ṣá, èèyàn ò sì lè torí ohun tó wà ní orí yẹn pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n òfin 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba wà, ọjọ́ méje ni wọ́n fún ọ́fíìsì tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin yẹn ò kan àwọn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 2025 pé ó kàn wọ́n.

Ọmọ_Ẹ̀gbá:
Ẹ má jẹ́ ká bú wọn pọ̀ jù jàre. Ṣebí ìwé ìròyìn The News ló tú àṣírí Salisu Buhari ní 1999, olórí ilé aṣojú-ṣòfin tó ní òun ka Yunifásítì Toronto tí òun ò sì kà á, ìjọba ò tíì pé oṣù méjì tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni àwọn tó ti sá kiri nígbà Abacha.

Gègé_Tẹ́lẹ̀:
Mo ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó fi í sílẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ èèyàn ńlá kan ni wọ́n mú nínú ìròyìn yẹn, ó lórúkọ, ó nípò, ìwé ìròyìn á tà. Ilé ìwòsàn Àǹtí Àdùkẹ́ ò lórúkọ tó ń ta ìwé. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n jẹ wá lówó oṣù mẹ́rin, ọkọ̀ ìjọba ló ń gbé wa lọ síbi ayẹyẹ, wọ́n á fún wa lówó ọkọ̀ nínú àpò ìwé, ìpolówó ìjọba ló sì ń gbé ilé iṣẹ́ ró. Tó o bá sọ fún ẹ́díítọ̀ pé o fẹ́ padà lọ wo ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, á ní ta ló máa san owó epo? Ó dùn mí títí dòní pé mi ò fi owó ara mi lọ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ wò ó, ní 2023 àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò ààrẹ ò pé mílíọ̀nù 26. Gbogbo ìròyìn tí mo gbọ́ ò ju ta ló wọlé, ta ló lọ sílé ẹjọ́. Àwọn tó jókòó sílé ńkọ́? Èmi wà lára wọn, ẹnikẹ́ni ò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu pé màmá, kí ló dé tẹ́ ò jáde? Ǹ bá sọ fún wọn pé mo ti dìbò lẹ́ẹ̀mẹrin, kànga àdúgbò wa ni mo ṣì ń pọn.

Àdùkẹ́_Ìbàràpá:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́kún. Bọ̀dá Gègé, mo ti ya fọ́tò pátákó tí wọ́n kọ ọjọ́ ìṣíde sí àti ti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì pa. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà ọlọ́jọ́ méje tí Lọ́yà sọ yẹn, kí n béèrè iye nọ́ọ̀sì tó wà nínú ìwé wọn fún ibẹ̀, kí n sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí rédíò. Ọ́fíìsì wo ni kí n kọ ọ́ sí, ìjọba ìbílẹ̀ ni àbí ti ìpínlẹ̀?