Ọmọ ọdún mẹ́rin yàtọ̀ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá: ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé charter ní Houston

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé charter bá ti délẹ̀ láàárín wa, kíá ni a máa ń pín sí méjì: ẹni tó fẹ́ràn wọn àti ẹni tí kò fẹ́ rí wọn sójú. Èmi ò sí lápá kankan. Ọmọ mi àgbà ń lọ sí ọ̀kan nínú wọn. Síbẹ̀, mo dìde ní ìpàdé, mo ní kí wọ́n má ṣí ti àwọn ọmọ kéékèèké sí àdúgbò wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé: ilé-ìwé charter kì í ṣe ilé-ìwé tí à ń san owó rẹ̀. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ àjọ kan ló ń darí rẹ̀, àwọn ará àdúgbò kọ́ ló sì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn. Bí àwọn tó fẹ́ wọlé bá ju àyè lọ, lọ́tìrì ni wọ́n máa ń ṣe. Houston níbí, ní Texas, l'Amẹ́ríkà, ni KIPP, ọ̀kan nínú àwọn àjọ charter, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1994, kíláàsì karùn-ún ni Mike Feinberg àti Dave Levin fi bẹ̀rẹ̀. Àjọ mìíràn, YES Prep, dé ní 1998, láti kíláàsì kẹfà lọ sókè ni tiwọn. Ẹ wo ọjọ́ orí yẹn dáadáa o, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, mọ́kànlá, ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó ti ń pẹ́ jù kí àwọn ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé ẹlòmíì ò tíì mọ̀wé kà, pé ó sàn kí àwọn ti mú wọn láti kékeré. KIPP ṣí ti àwọn ọmọdé ní Houston ní 2004, YES Prep ní 2020. Àjọ tí ọmọ tèmi wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n mú orúkọ ọmọ mi fún kíláàsì kẹfà, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Bissonnet, mò ń ra èlùbọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọn wọ fóònù mi. Mo pariwo débi pé ìyá tó ń wọn èlùbọ́ da díẹ̀ sílẹ̀. Mi ò lè parọ́ mọ́ wọn: wọ́n tọ́jú ọmọ mi. Tíṣà ìṣirò fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, bí ó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ tí iṣẹ́ àṣetiléwá há a lọ́rùn, yóò pè é, ọkùnrin náà yóò sì gbé e. Ọmọ tó ti ń sọ pé òun ò lórí ìṣirò, òun ló ń kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ báyìí.

Ọdún tó kọjá ni wọ́n wá ní àwọn fẹ́ ṣí ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé-ìwé ìjọba tí àwọn ìbejì mi wà. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo ti ń ṣírò pé ibì kan náà ni màá máa já gbogbo wọn sí láàárọ̀.

Àfi ìgbà tí mo rántí Kẹ́hìndé.

Nígbà tí Kẹ́hìndé wọ ilé-ìwé ìjọba yẹn, oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi la ẹnu níbẹ̀. Táíwò ló ń bá a sọ̀rọ̀. Tíṣà kan wà níbẹ̀ tí kò ní kíláàsì tirẹ̀, àwọn tí ìwé kíkà ń ni lára ló ń mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń mú ọmọ mi jókòó sórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti gé páálí kan, ó dá ojú kékeré sí i láàárín, kó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ ń rí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ pe ọ̀rọ̀ kan, ó sún páálí. Ó pe èkejì, ó tún sún un. Etí páálí yẹn ti dúdú níbi tí àtàǹpàkò àwọn ọmọ ti ń dì í mú. Ẹnikẹ́ni ò ṣe lọ́tìrì kí ọmọ mi tó jókòó síbẹ̀. Torí pé a ń gbé òpópónà yẹn náà ni wọ́n ṣe gbà á.

Mo lọ sí ìpàdé náà ní yàrá oúnjẹ ilé-ìwé. Wọ́n pín ohun tí wọ́n máa fi sétí gbọ́ ògbufọ̀ fún àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì àti ti Vietnam. Ẹni tó wá láti ọ̀dọ̀ àjọ náà fi àwòrán hàn wá, ọmọ tó wọ yunifásítì lónìí, ọmọ tó gboyè lánàá. Inú mi dùn sí wọn. Àmọ́ àwọn ọmọ ńlá ni gbogbo wọn. Nígbà tó kàn mí, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún mi. Mo ní: kíláàsì kẹta ni STAAR, ìdánwò tí ìjọba ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Texas. Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin lónìí, ọdún mélòó ni yóò kọjá kí òbí tó rí èsì kankan? Òkìkí tí ẹ fi ọmọ ọdún mọ́kànlá gbà ni ẹ fẹ́ fi gba ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lè sọ fún mi pé, ‘Mọ́mì, ibí yìí ò bá mi lára mu.’ Kẹ́hìndé ò lè sọ ọ́.

Ìgbà tí mo jókòó ni ẹnì kan wá ṣàlàyé fún mi pé ìpàdé yẹn ò lè dá nǹkan kan dúró. Àjọ tó bá ti ní ìwé àṣẹ, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ Texas, ní Austin tó jẹ́ olú-ìlú, ló ń fọwọ́ sí ilé-ìwé tuntun tó bá fẹ́ ṣí, gómìnà ló sì ń yan kọmíṣánnà.

Níta, àbúrò kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó ní, ‘Ìyá Ìbejì, tiyín ti wọlé. Tiwa ńkọ́?’ Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí pé òótọ́ ló sọ.

Bàbá Tọ́lá, Houston

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ẹ sọ ọ́ láìfi bò. Ṣùgbọ́n ẹ gba èmi náà láyè.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Tọ́lá mi nígbà tó wọ charter. Mọ́tò ni mò ń wà fún èrò, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ilé-ìwé ìjọba tí a wà tẹ́lẹ̀ kò ní irú tíṣà tí ẹ sọ yẹn. Mo ti bẹ̀ wọ́n, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kó máa dàgbà ná. Níbi tó lọ, kí ọdún tó parí, ó ń ka orúkọ òpópónà fún mi láti ẹ̀yìn mọ́tò: Beechnut, Cook, Bellaire. Mo ní láti páàkì nítorí omi ojú.

Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọlé ní January 1955 nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Bàbá tirẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ta ni yóò bá òun lọ sóko. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ẹ bá ní kí ọmọ mi dúró di kíláàsì kẹfà kí wọ́n tó ràn án lọ́wọ́, ọdún mẹ́fà náà ti lọ.

Ti ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn tí ẹ sọ, ẹ rántí HISD, àjọ tó ń darí àwọn ilé-ìwé ìjọba ní Houston. Àwọn ará ìlú ló dìbò yan ìgbìmọ̀ yẹn, ìjọba Texas sì gba àkóso kúrò lọ́wọ́ wọn ní 2023. Ìbò tí a dì ò dá nǹkan kan dúró.

Tíṣà Kíláàsì Kejì

Ilé-ìwé ìjọba ni mò ń kọ́, mi ò ní sọ èwo. Bàbá Tọ́lá, inú mi dùn fún ọmọ yín, mi ò ní bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ tiwa ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ní Texas, iye ọmọ tó wá sí kíláàsì lójoojúmọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ilé-ìwé. Lọ́dún kan, ọmọ mẹ́tàdínlógún kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí charter tuntun. Inú kíláàsì kan náà kọ́ ni wọ́n ti kúrò: mẹ́ta níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún. A ò lè pa kíláàsì kankan rẹ́. Iná ń jó bó ṣe ń jó, bọ́ọ̀sì ń rìn bó ṣe ń rìn, èmi náà dúró níwájú ọmọ mọ́kàndínlógún dípò méjìlélógún. Owó ti lọ. Ta ni ọ̀gá wa máa yọ? Ẹni tí kò ní kíláàsì tirẹ̀ ni. Ẹni tó ń tọ́jú ilé-ìkàwé ló kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì di ẹni tó ń wá lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mo ní ọmọ kan tó ní asthma, tí èémí máa ń há mọ́ lọ́fun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ọmọ méjì padà sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn Kérésì. Wọ́n sọ fún àwọn òbí wọn pé ọwọ́ ibẹ̀ le jù fún wọn. A gbà wọ́n lọ́jọ́ náà, torí òfin wa ni pé ẹni tó bá ń gbé àdúgbò, a gbọ́dọ̀ gbà á. Ilé-ìkàwé ṣì wà ní títì nígbà tí wọ́n padà dé.

Àǹtí Peckham

London níbí náà, òfin Academies ti 2010 ló jẹ́ kí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kúrò lábẹ́ káńsù bọ́ sábẹ́ àwọn àjọ. Ti ọmọ mi yí padà nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta. Pátákó ẹnu ọ̀nà àti aṣọ ilé-ìwé ló kọ́kọ́ yí padà, mo ra kóòtù tuntun. Àwọn tíṣà kan náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó yí padà fún èmi ni pé tẹ́lẹ̀, mo mọ kánsílọ̀ tí mo lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston

Bàbá Tọ́lá, mo gba ọ̀rọ̀ yín. Bí ilé-ìwé tí ọmọ mi wà bá sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kó máa dàgbà ná, èmi náà á gbé e kúrò, mi ò sì ní bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà níbi tí nǹkan ò dára, mi ò lè ní kó dúró síbẹ̀ nítorí àdúgbò. Ohun tí mò ń tọrọ ni pé kí wọ́n lọ ṣí i sí irú ibi tí tiyín wà. Tiwa ń ṣiṣẹ́.

Àbí kí n sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Tíṣà, bí ẹ ti wí gẹ́lẹ́ ló rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà dé: iye ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀ ti dín kù, tíṣà ìwé kíkà yóò máa pín ara rẹ̀ sí ilé-ìwé méjì. Ọjọ́ méjì péré la ó máa rí i lọ́sẹ̀.

Ó ti fi páálí náà rán Kẹ́hìndé sí mi nínú àpò ìwé rẹ̀. Orí tábìlì ilé ìdáná ló wà. Bí mo bá ti parí abọ́ fífọ̀ lálẹ́, èmi ni mò ń sún un.