Mẹ́jọ ni wá, èmi ni mo kéré jù

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ohun tí mo rántí nípa ìgbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tó máa ń pàgọ́ sí ìgbẹ́. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ Síkáòtù. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni mí nígbà yẹn. Nínú kíláàsì, bí mo wá, bí mi ò wá, bákan náà ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo ohun tí mo rántí nípa Síkáòtù, tí mo bá ti yọ àgọ́ kúrò, tí mo yọ fèrè àti iná alẹ́ kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́kàn ni bí wọ́n ṣe máa ń kà wá.

Ẹni tó bá ṣe Síkáòtù rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n máa ń pín wa sí ọ̀wọ́ kéékèèké, ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ọ̀wọ́ kan, ọmọ bíi tiwa ló sì ń ṣe olórí ọ̀wọ́. Àgbàlagbà wà o, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń dúró sí. Bí Baden-Powell tó dá Síkáòtù sílẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ náà nìyẹn. Lóṣù kẹjọ ọdún 1907, ó kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó sì fi orúkọ ẹranko àti ẹyẹ pe ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ olówó wà níbẹ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, ibùdó kan náà ni gbogbo wọn jọ wà. Ìkookò wà lára orúkọ ọ̀wọ́ wọn, Ìkookò sì ni tiwa náà. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn, orí mi wú.

Olórí wa jẹ́ ọmọ ọdún 14. Tó bá fẹ́ kà wá, kì í pariwo orúkọ. Yóò gba ẹ̀yìn wa kọjá, yóò máa fi ìka kan èjìká wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kéré jù, èmi ni mo máa ń wà nípẹ̀kun ìlà. Tí ìka yẹn bá kan èjìká mi, á ní, “Ẹ̀kẹjọ nìyí, a pé.” Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe nínú mi.

Kókó okùn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ ọmọ tuntun ni èyí tí a fi ń di aṣọ mọ́ ojú egbò, torí pé ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í gún ara. Ọ̀tún lórí òsì, kó o kọ ọ́ sábẹ́. Òsì lórí ọ̀tún, kó o kọ ọ́ sábẹ́. Tó o bá ṣì í, tó o fi ọ̀tún lé òsì lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó lè jọ èyí tó dára lójú ẹni tí kò wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n yóò yọ̀. Bí mo ṣe ṣe é gan-an nìyẹn ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí a sùn sí àgọ́. Òjò dé lóru, atẹ́gùn fa okùn, àgọ́ wó lé wa lórí. Ọmọ mẹ́jọ wà lábẹ́ aṣọ tútù, oníkálukú ń wá ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mò ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe ti òtútù nìkan.

Olórí wa wá okùn náà rí, ó rí ibi tó ti yọ̀. Kò béèrè ẹni tó so ó. Ó ní kí n bá òun tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó so kókó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí orúnkún rẹ̀. Ó ní, “Wo ìdí okùn.” Nínú kókó tó dára, ìdí okùn máa ń sùn ti ara okùn náà gbọọrọ. Nínú èyí tí mo ta, ńṣe ló yọ síta, tó dábùú. Títí di òní, tí mo bá so nǹkan, àtàǹpàkò mi ló kọ́kọ́ máa ń wá ìdí okùn.

Eré kan wà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù wọ́n lọ. Wọ́n á to nǹkan 24 sórí aṣọ, bọ́tìnì, kọ́kọ́rọ́, ìkarahun, wọ́n á jẹ́ ká wò ó fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á bò ó. A ó wá kọ ohun tí a rí sílẹ̀. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ máa ń ráyè wo nǹkan. Àwọn ará ọ̀wọ́ mi ló sọ ìyẹn fún mi, inú wọn sì máa ń dùn sí mi.

Mo fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 14. Ọ̀gá tuntun kan dé, ó tú àwọn ọ̀wọ́ ká, ó tò wá sí ìlà gígùn bíi ti ológun, ó ń pe orúkọ láti inú ìwé. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ọmọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ọ̀wọ́ ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ ìtọpasẹ̀. Ẹni tó ṣáájú á máa fi àmì sílẹ̀: ọfà tí a fi igi ṣe, pé gba ibí, igi méjì tó dábùú ara wọn, pé má gba ibí, èyí tó kẹ́yìn sì ni àmì roboto tó ní òkúta kan láàárín, ìyẹn ni pé mo ti lọ sílé. Àmì yìí náà ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta ibojì Baden-Powell ní Nyeri, ní Kẹ́ńyà, níbi tó kú sí lóṣù kìíní ọdún 1941.

Èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú ti tú ọfà kan ká, mo sì ṣìnà. Ìgbà tí mo padà rí ojú ọ̀nà, oòrùn ti ń wọ̀, mi ò gbúròó ẹnikẹ́ni. Mo ṣáà ń rìn. Mo dé ibi àmì tó kẹ́yìn: roboto ńlá tí wọ́n fi igi fà sínú erùpẹ̀. Mo wo àárín rẹ̀. Kò sí òkúta níbẹ̀.

Olórí wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn mẹ́fà yòókù nà sórí koríko lẹ́yìn rẹ̀. Òkúta kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti móoru nítorí bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ó nà án sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sí àárín roboto náà. Ó fi ìka kan èjìká mi, a sì kọjú sílé.