Re: Àṣeyọrí kọ́ o, àyọrísí ni

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà l'Ókè-Ìlewó ti gbé e wá, mo kàn ń wòran ni, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé a ti fẹ́ fi "àṣeyọrí" pa ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ dé, mo ní ẹ jẹ́ n dá sí i. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àwọn olùkọ́ kan wà l'Abẹ́òkúta níbí tó ń múra àwọn ọmọ yunifásítì sílẹ̀ fún másítà àti Ph.D., àwọn àgbà kan ló ń dáwó sí i, wọ́n wá fẹ́ máa fi Yorùbá kọ ọ́ fún àwọn àgbà yìí lọ́dọọdún pé báyìí báyìí ni àwọn ọmọ náà ṣe já sí. Fọ́ọ̀mù ètò McNair ti Amẹ́ríkà, tí òun náà ń múra àwọn ọmọ yunifásítì sílẹ̀ fún Ph.D., ni wọ́n fẹ́ wò kọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi ní ká bá òun wá ọ̀rọ̀ fún outcome, enrolment, persistence àti àwọn yòókù wọn.

Ó jọ pé àwa kan ń sọ ọmọ lórúkọ láì tíì rí ojú ọmọ o. Ronald McNair, ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì tó gboyè ní MIT lọ́dún 1976, wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ ojú òfuurufú Challenger lọ nígbà tó bú gbàmù ní January 28, 1986. Ọdún yẹn náà ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ètò tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ yìí. Ìjọba ló ń náwó ẹ̀, yunifásítì ló ń ṣe é, lọ́dọọdún ni yunifásítì sì ń padà wá sọ fún ìjọba pé: àwọn ọmọ wo ló ṣèwádìí, mélòó nínú àwọn tó gba dìgírì àkọ́kọ́ ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ másítà tàbí Ph.D. ní ọdún ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e gan-an, mélòó nínú wọn ló ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọdún míì bẹ̀rẹ̀, mélòó ló di ọ̀mọ̀wé láàárín ọdún 10 sí ìgbà tó gba dìgírì àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n ń kà nìyẹn. Orúkọ wá yẹ kó tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ń kà, kì í ṣe ohun tí díkíṣọ́nárì bá sọ.

Ti "report" ò gba àkókò rárá. Àbúrò wa kan ní ká lo "ìròyìn", ó ní ṣebí Abẹ́òkúta la ti kọ́kọ́ tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lọ́dún 1859, nígbà Townsend, míṣọ́nárì tó dá a sílẹ̀. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìlú wa ni, àmọ́ ẹni tó ń ròyìn lè máa ròyìn fún ẹnikẹ́ni tó bá tẹ́tí. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ló ń jábọ̀. Àwọn àgbà fi owó rán àwọn olùkọ́ yìí níṣẹ́, àbọ̀ ni wọ́n ń retí. Ìjábọ̀ ni.

Ó wá ku àṣeyọrí tí ẹ fẹ́ fi túmọ̀ outcome. Mo mọ ohun tó ń dùn mọ́ wa nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dáa lẹ́nu ni, ó dà bí àdúrà. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn! Tí ẹ bá kọ "Àṣeyọrí àwọn ọmọ wa" sórí ìwé, níbo lẹ fẹ́ kọ ọmọ tí ò rí ibì kankan wọ̀ sí? Ẹ ó fi í sílẹ̀ ni. Kò ní jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ purọ́ o, ọ̀rọ̀ tó wà lókè ìwé yẹn ló máa lé ọmọ náà jáde. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, èmi náà gbà, àmọ́ òwe yẹn ò wà fún nọ́ńbà. "Èsì" náà ò bá mi lára mu, torí ìyá tó bá gbọ́ èsì, WAEC ló máa wá sí i lọ́kàn. Àyọrísí ni mo fara mọ́. Ó lè yọrí sí rere, ó lè yọrí sí ibòmíì, àyọrísí náà ni.

Ibi tí mo fẹ́ ká jókòó sí dáadáa ni enrolment tí ẹ ń pè ní "ìgbàwọlé". Rárá o. Ìgbàwọlé ni admission. Ọmọ tí wọ́n gbà wọlé ò tíì wọlé, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Mo mọ ọmọbìnrin kan tí ìyá ẹ̀ ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, lẹ́tà ìgbàwọlé ẹ̀ láti Kánádà wà lára ògiri pálọ̀ wọn, wọ́n fi férémù sí i, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kí àlejò má baà fojú fò ó. Owó tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ san ni ò rí, ẹ̀yìn náà sì ni físà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báólójì báyìí. Tí ẹ bá bi ìyá ẹ̀, ọmọ òun "ti gba admission", bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ò purọ́. Àmọ́ nínú fọ́ọ̀mù McNair, òdo ni. Ká ní ọmọ ogún ló gba dìgírì, mẹ́rìnlá rí lẹ́tà, mẹ́sàn-án ló forúkọ sílẹ̀ tó sì jókòó sí kíláàsì, mẹ́sàn-án nínú ogún lẹ máa kọ, kì í ṣe mẹ́rìnlá, kì í sì ṣe mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá (mo mọ àwọn tó máa fẹ́ gba ibẹ̀ yẹn o). Nítorí náà ìgbàwọlé fún lẹ́tà, ìwọlé fún jíjókòó sí kíláàsì. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan gbé ẹ̀wù èkejì wọ̀.

Ẹni tó túmọ̀ "fall" inú fọ́ọ̀mù náà sí "ìgbà ìwọ́wé" nínú àbá ìjẹta, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Ìgbà ọyẹ́ ni ewé ń wọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kà á máa rò pé December ni wọ́n ń sọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Èyí tó tiẹ̀ le ju ìtumọ̀ lọ ni pé "ọdún tó tẹ̀ lé e" ti Amẹ́ríkà ò bá tiwa mu, torí ọmọ wa máa lọ sin ìlú fún ọdún kan kó tó lè ṣe nǹkan míì, àgùnbánirọ̀ ò lè wà ní Kàtsínà kó tún wà ní kíláàsì másítà ní Ìbàdàn. Ká tún wá rántí ASUU, lọ́dún 2022 tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ láti February dé October, ọdún ẹ̀kọ́ wo ló tẹ̀ lé èwo nígbà yẹn? Kí ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ gbangba pé "ọdún ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó sìnlú tán", kó fi síbi tí ojú á ti tètè rí i.

Persistence wá ńkọ́. Mẹ́ta nínú yín ló dìbò fún "ìforítì". Ó dùn létí, àmọ́ fọ́ọ̀mù ò bèèrè bóyá ọmọ forí tì í, ó bèèrè bóyá orúkọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ kan lè forí tì í títí kí owó tán kó máa bọ̀ nílé, òmíì ò forí ti nǹkan kan, bàbá ẹ̀ ló rí towó ṣe. Tí ẹ bá wá kọ ìforítì, ẹ ti bú ọmọ àkọ́kọ́ yẹn lójú àwọn tó sanwó fún un. "Àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún kejì" tó. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ta ló ní dandan ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Ìwé yìí, wọ́n máa kà á sókè ní ìpàdé ni, àwọn kan níbẹ̀ ò sì ní mú jígí wá.

Ìdí kan náà ni mi ò fi gba "àwọn tó sọnù" fún àwọn ọmọ tí ọ́fíìsì ò rí nọ́ńbà wọn pè mọ́. Ẹ dákun, ẹ fojú inú wo bàbá kan tó gbọ́ orúkọ ọmọ ẹ̀ lábẹ́ "àwọn tó sọnù" láàárín àwùjọ! "Àwọn tí a ò gbúròó wọn" ni. Ẹ sì máa kà wọ́n mọ́ gbogbo iye, ẹ má yọ wọ́n kúrò nínú ogún yẹn kí pásẹ́ǹtì baà lè dùn-ún wò.

First-generation náà rèé. "Ìran àkọ́kọ́" kẹ̀? L'Abẹ́òkúta níbí, àwọn tó bá Ṣódẹkẹ́ dé lọ́dún 1830 nìyẹn. "Àkọ́gboyè ilé" sún mọ́ ọn díẹ̀ àmọ́ kò pé, torí òfin ètò McNair, òbí nìkan ló ń wò. Tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà bá ti gba dìgírì, tí àbúrò bàbá ẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, kò yí nǹkan kan padà, kó ṣáà ti jẹ́ pé bàbá ò gba dìgírì, ìyá ò gba dìgírì. Tó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo ló ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ tó sì ń gbọ́ bùkátà ẹ̀, ẹni yẹn nìkan ni wọ́n máa wò. Ìyá tó ní NCE, ọmọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí a bá fi òfin yẹn wò ó. "Ọmọ tí òbí ẹ̀ ò ní dìgírì", ó parí.

Cohort nìkan ni mi ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan fún. "Ẹgbẹ́" á mú àǹkò àti owó oṣù wọ̀ ọ́, "ọ̀wọ́" ni mo ń rò, bíi ọ̀wọ́ àwọn tó gba dìgírì lọ́dún 2024, tí ẹ ó máa wò títí di 2034. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ kó sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ náà lòún fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ ní Kútọ̀.