Àyà mi ń já lójijì: ta ló ti borí irú èyí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlọrin ni mo ń gbé. Inú ọkọ̀ Ọ̀fà ló ti kọ́kọ́ ṣe mí, ní bí oṣù 3 sẹ́yìn: àyà mi ń lù kì-kì-kì, èémí há, ọwọ́ ń gbọ̀n, mo rò pé ikú dé. Kò tó ìṣẹ́jú 20 tó fi rọlẹ̀. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò, kò sí àbùkù. Dókítà ní ìpayà ni. Ìyá mi ní ayé ló ń ṣe mí, mi ò sì fẹ́ bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ ọkọ̀ mọ́, ẹ̀rù pé yóò tún ṣe mí ló ń dá mi dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ti bọ́ nínú rẹ̀, báwo lẹ ṣe padà wọ ọkọ̀? Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni?