Ọlọ́run kì í ṣe ẹ̀dá: "wíwà" àti "ìjẹ́" ni mo fara mọ́

À ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a máa fi túmọ̀ "being" ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "Ẹ̀dá Tó Ga Jùlọ" fún ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Yúróòpù ń pè ní "Supreme Being". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbà á. Ohun tí a dá ni ẹ̀dá. Ta ló wá dá Ọlọ́run?

Ẹnìkan ní ká lo "ìwà", torí ara ọ̀rọ̀ ìṣe "wà" ló ti jáde. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ "ìwà Ọlọ́run", àánú Rẹ̀ àti òdodo Rẹ̀ ni òǹkàwé máa rò.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo, einai, ni àwọn Gíríìkì fi ń sọ pé nǹkan wà, òun náà ni wọ́n fi ń sọ ohun tó jẹ́. Èdè tiwa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́: "omi wà" yàtọ̀ sí "omi ni". Nítorí náà, kí esse, ọ̀rọ̀ Látìn tí Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Kátólíìkì, lò ní ọ̀rúndún kẹtàlá, jẹ́ "wíwà", kí ens jẹ́ "ohun tó wà", kí essentia sì jẹ́ "ìjẹ́", ìyẹn ohun tí nǹkan jẹ́, ọ̀rọ̀ èyí tó ti wà lẹ́nu wa nínú ìjẹ́mímọ́ àti ìjẹ́pàtàkì. Ẹ wá gbọ́ bí ẹ̀kọ́ Aquinas ṣe máa dún: nínú gbogbo ohun tí a dá, ìjẹ́ ọ̀tọ̀, wíwà ọ̀tọ̀, Ọlọ́run nìkan ni ìjẹ́ Rẹ̀ àti wíwà Rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, kò há mi lọ́fun.

Ẹ́kísódù 3:14 náà gbè mí lẹ́sẹ̀. "Èmi ni ẹni tí ó wà" ló wà nínú Bíbélì wa, "Ẹni tó wà" yìí gan-an ni Aquinas sì ní ó bá Ọlọ́run mu jù nínú gbogbo orúkọ.

Heidegger, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, ńkọ́? Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé Yúróòpù ń lé ohun tó wà tó ga jù kiri, wọn ò bi ara wọn léèrè nípa wíwà fúnra rẹ̀. Sein ni wíwà, Seiendes ni ohun tó wà. Bí a bá fi "ẹ̀dá" túmọ̀ méjèèjì, ẹ̀sùn yẹn ò ní ṣeé sọ ní Yorùbá rárá.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni "ń bẹ". "Ọlọ́run ń bẹ" ni àwọn ìyá wa máa ń sọ nígbà ìṣòro, wọn kì í sábà sọ pé "Ọlọ́run wà". "Kò sí" ni a sì fi ń sọ òdì méjèèjì. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n lójú yín?