Ṣé kí a yí kàtúùnù ọmọdé wa sí Gẹ̀ẹ́sì nítorí owó ni?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síwájú yín, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ti rin ọ̀nà náà bá mi dá sí i. Èmi àti ọkọ mi, pẹ̀lú ayàwòrán kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́, ti ń ṣe kàtúùnù Yorùbá fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà láti bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn. Ohun tó sún wa débẹ̀ ni pé kàtúùnù Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn ìbejì wa ń wò lórí fóònù, títí ó fi di pé bí ìyá mi bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ Táyé, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá a lóhùn, ìyá àgbà yóò sì yíjú sí mi pé kí n wá túmọ̀ ohun tí ọmọ-ọmọ òun wí. Ó dùn mí wọra.

A ti parí apá mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀dá ìtàn mẹ́ta la ní: ọmọbìnrin kan, ewúrẹ́ kan, àti ìkòkò kan tó máa ń sọ̀rọ̀. Òru la máa ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá wa, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá ti dákẹ́. A ó gbé mátíréèsì ti fèrèsé, ọkọ mi yóò sì yọ okùn iná fíríìjì kí ó má baà máa kùn. Apá kan máa ń gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méje.

A gbé e sórí YouTube, a sì fi òtítọ́ sọ pé àwọn ọmọdé la ṣe é fún. Owó ìpolówó tó ń ti ibẹ̀ wá kò tó ra dátà tí a fi ń gbé e síbẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ ọmọdé pè wá. Wọ́n ní àwọn yóò náwó sórí apá mẹ́tàlá, bí a bá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì fọwọ́ sí i pé tiwọn ni àwọn ẹ̀dá ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ mi ní kí a gbà á, kí a fi owó náà ṣe ti Yorùbá lẹ́yìn náà. Ọkàn tèmi kò balẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?

Ayàwòrán, Agége:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìpolówó kúrò nílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé àìmọ̀ọ́ṣe wa ló fa á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà gba owó ìtanràn mílíọ̀nù 170 dọ́là lọ́wọ́ Google àti YouTube, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kó ìsọfúnni nípa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òbí wọn, èyí tí òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998 kà léèwọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá gbé fídíò síbẹ̀ bóyá ti ọmọdé ni. Bí ó bá ti jẹ́ ti ọmọdé, ìpolówó tó ń tẹ̀ lé ohun tí òǹwòran ti ń wò tẹ́lẹ̀ kò ní jáde níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ irú ìpolówó yẹn gan-an ló ń mówó wá. Àyè tí àwọn ènìyàn fi ń kọ èsì yóò sì di títì. Òfin rere ni, torí ọmọ ẹni kò yẹ ní ẹni tí àwọn ọlọ́jà ń dọdẹ kiri. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín níyànjú pé kí ẹ purọ́ pé àgbàlagbà lẹ ṣe é fún.

Ẹ fi kún un pé iye tí àwọn olùpolówó ń san lórí òǹwòran kan ní Nàìjíríà kéré gan-an sí ti ẹni tó ń wò ní London tàbí ní Houston, àti pé YouTube ń mú ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún kí ìyókù tó kàn yín. Nítorí náà, ẹ kà á sí owó ọṣẹ, kí ẹ wá owó oúnjẹ lọ síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ tó kàn mí jù ni ọ̀sẹ̀ méje yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 300. Bí ẹ bá ń lo àwòrán 24 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán 7,200 ni; bí ẹ bá sì jẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún àyè méjì gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe, 3,600 ṣì ni, ayàwòrán kan ṣoṣo lẹ sì ní. Mo fẹ́ béèrè pé ta ló ní kó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún? Ọmọ ọdún mẹ́rin kò kọ̀ kí nǹkan kúrú, àtúnwò ló fẹ́ràn. Yóò wo ìṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò sì ní sú u. Ẹ ya ọmọbìnrin yín lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ gé e ní oríkèé oríkèé, ọrùn, ìgbọ̀nwọ́, orúnkún, kí ẹ ya ẹnu bíi mẹ́jọ sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ, kí ẹ sì máa lo àwọn ẹ̀yà náà láti apá dé apá. Ọ̀fẹ́ ni Blender àti OpenToonz, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe kàtúùnù, ẹ kò nílò láti yá owó ra ohunkóhun. Ìkòkò yín ni mo tilẹ̀ fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, ìdérí rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ sọ sí i, ẹ ó rí i pé ọ̀sẹ̀ méje yóò di mẹ́ta.

Olùkọ́ Yorùbá, Peckham:

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá ní London níhìn-ín, mo sì ti fi apá kejì kàtúùnù yín hàn wọ́n ní ìgbà tí ẹ gbé e wá síwájú gbogbo ilé lọ́jọ́sí. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí, ẹ má bínú sí mi.

Nígbà tí ìkòkò kígbe pé “Ààlọ́ o!”, gbogbo kíláàsì ló dáhùn pé “Ààlọ̀!” láìsí ẹni tó sọ fún wọn, títí kan ọmọkùnrin kan tí kì í la ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin náà sọ fún ewúrẹ́ pé “Inú mi dùn púpọ̀ láti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ lónìí”, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú fèrèsé. Gẹ̀ẹ́sì ni gbólóhùn yẹn, aṣọ Yorùbá nìkan ló wọ̀. Ọmọ Yorùbá kì í sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé inú òun dùn láti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yóò ní kó wá jẹ nínú àkàrà òun, tàbí kó ní “máa bọ̀, jẹ́ ká lọ ṣe bojúbojú”. Ó hàn sí mi pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ kọ́kọ́ fi kọ ìwé eré yín, kí ẹ tó yí i padà.

Orin ibẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Ohùn orin òyìnbó lẹ mú, ẹ wá to ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí rẹ̀. Èdè wa kò gbà bẹ́ẹ̀, torí ohùn ló ń yà ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń kọrin nípa ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́, orin gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, ó sì di ọkọ́. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò rò pé oko ló ń lọ. Ọmọ tó sì ń kọ́ èdè náà lọ́dọ̀ yín yóò kọ́ àṣìṣe, nítorí orin ni nǹkan tí ọmọdé kì í gbàgbé.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kí ẹ yí i sí, èmi kò gbà. Kàtúùnù Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ní ayé yìí ju ohun tí ọmọ kan lè wò tán lọ, tiyín ni yóò sì jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn. Ti Yorùbá ni àwọn òbí kíláàsì mi ń bi mí léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọkọ yín bá ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò fa ọmọ sẹ́yìn, ẹ rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ gbà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n sì tún fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kò bá ní ṣe mọ́, ilé àti fóònù ló kù tí yóò ṣe é.

Kí ẹ tó ṣe apá karùn-ún, ẹ dán èyí wò. Àwọn tó dá Sesame Street, eré tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969 máa ń gbé ẹ̀rọ mìíràn tó ń fi àwòrán hàn sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọn a sì máa ṣọ́ ojú ọmọ láti mọ ìgbà tí yóò fi eré sílẹ̀ wo àwòrán náà. Ibi tí ojú ọmọ bá ti yà ni wọn yóò tún ṣe. Ẹ pe ọmọ márùn-ún àgbàlá yín, kí ẹ gbé fóònù méjì kalẹ̀, kí ẹ sì jókòó sí ibi tí ẹ ti lè rí ojú wọn.

Òǹtẹ̀wé, Èkó:

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Mo bẹ̀ yín.

Ní ọdún 2016 mo ya ọmọ ewúrẹ́ kan fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ohun jíjẹ, mo sì fọwọ́ sí ìwé wọn láìkà á dé ìparí, nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi ló wà lójú mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fẹ́ fi ewúrẹ́ yẹn tẹ ìwé ìtàn, lẹ́tà agbẹjọ́rò wọn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ilé iṣẹ́ náà kò ta ohun jíjẹ yẹn mọ́ báyìí, síbẹ̀ ewúrẹ́ mi wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn, èmi tí mo yà á kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀dá ìtàn ni gbogbo ọrọ̀ iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá wo àwọn eré ọmọdé tó ti pẹ́, ohun ìṣeré, ìwé àti aṣọ tí wọ́n ya àwọn ẹ̀dá ìtàn wọn sí wà lára ohun tó ń gbé wọn ró. Nítòsí wa níhìn-ín, Adamu Waziri ní Àbújá ti ń ṣe kàtúùnù Bino and Fino láti bí ọdún 2010, ó sì ta díìsìkì rẹ̀ fún àwọn òbí tó wà lókè òkun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn rí ara wọn nínú kàtúùnù. Ẹni tó ti ta orúkọ àti ojú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ tán kò ní ohun tí yóò tẹ̀ sára ìwé.

Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ó yá wọn ni, ẹ kò ní tà. Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn dárúkọ ọdún tí yóò fi wà lọ́wọ́ wọn, ọjà tí wọ́n lè yà á sí, àti èdè tí wọ́n lè lò ó fún. Ẹ forúkọ kàtúùnù yín sílẹ̀ ní Àbújá gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀ ọjà. Lẹ́yìn náà ni mo wá fẹ́ béèrè ohun kan tí kò sẹ́ni tó tíì bi yín: ṣé ìwé wà láàárín ẹ̀yin àti ayàwòrán yín? Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹni tó ya àwòrán ló ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sanwó fún un, àyàfi bí ìwé bá wà tó sọ pé ó ti di tiyín. Ohun tí ilé iṣẹ́ yẹn fẹ́ rà lọ́wọ́ yín lè má tíì jẹ́ tiyín láti tà.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ìwé yẹn, àyà mi já. Kò sí ìwé kankan láàárín àwa àti ayàwòrán wa. Ẹnu lásán la fi sọ ọ́, pé bí owó bá dé a ó pín in. Ọmọ dáadáa ni, a sì ti pè é lálẹ́ àná, ó ní òun náà ti ń ronú bí òun yóò ṣe dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó bá wọlé la fẹ́ kọ fún un, kì í ṣe owó iṣẹ́ nìkan, torí òun ló fún ìkòkò lójú.

Olùkọ́ wa, ẹ kò ṣẹ̀ mí rárá. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi apá kejì han ìyá mi, wọ́n béèrè pé, “Kí ni ọmọ yìí fẹ́ fi ọkọ́ ṣe ní ilé ẹ̀kọ́?” A rò pé etí ló ń dùn wọ́n. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n padà lọ bẹ̀ wọ́n. Báwo la ó ṣe wá ṣe orin tuntun?

Ilé iṣẹ́ oúnjẹ náà yóò gba lẹ́tà wa ní ọ̀sẹ̀ yìí: ọdún méjì, páálí oúnjẹ wọn nìkan, Yorùbá ni yóò sì kọ́kọ́ jáde. Ọkọ mi ti gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní wọn kò ní gbà. Bí wọn kò bá gbà, ìṣẹ́jú méjì méjì la ó máa ṣe, ti ìkòkò ni a ó sì kọ́kọ́ ṣe.

Olùkọ́ Yorùbá, Peckham:

Ẹ má kọ́kọ́ pe olórin. Ẹ sọ ìtàn náà fún ìyá yín, kí ẹ ní kí wọ́n sọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kọ lórin bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ wọn, kí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi imú kùn ún láìsí ọ̀rọ̀, bí ẹni ń fi gángan sọ ọ́. Ibi tí ohùn wọn bá gòkè ni kí orin gòkè, ibi tó bá wálẹ̀ ni kí orin wálẹ̀. Olórin lè wá fi ìlù àti àtẹ́wọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

A ti ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ yìí, Kẹ́hìndé sì ti ń kọ ọ́ kiri ilé. Ìyá mi ní òun ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún ìkòkò láti ìsinsìnyí lọ, ṣùgbọ́n òun kò lè máa jí lóru. Bí ẹnikẹ́ni níhìn-ín bá mọ yàrá kan ní Ìbàdàn tí ariwo kò ti pọ̀ lọ́sàn-án, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi sọ ọ́.